Igbó Epping fún Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igbó Epping lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n bá ń lọ síbi ìnáwó, tí wọn kò sì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Lójú àwa kan, ẹni tí kò ní mọ́tò ló ń fẹsẹ̀ rìn. Láti Manor Park, láàrin ìgboro, ni igbó yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn tó máìlì 12 kó tó parí lókè Epping ní Essex. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 2,400, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ìjà ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 1860 sí 1870, àwọn onílẹ̀ ń sọ ọgbà yí igbó náà ká. Ní Loughton, àlùfáà tó ni ilẹ̀ sọ ọgbà yí ohun tó lé ní ẹ́kà 1,000 ká. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, láti òru ọjọ́ 11 oṣù Bélú títí di ọjọ́ 23 oṣù Igbe, ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gé ẹ̀ka igi fún ìdáná. Thomas Willingale, ọkùnrin aṣẹ́gità kan, kò gbà. Ó ń gé igi rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ sẹ́wọ̀n.

City of London Corporation, ìjọba ìbílẹ̀ àárín Lọ́ńdọ̀nù, bá gbé ẹjọ́ dìde lọ́dún 1871. Ibi tí wọ́n gbà wọlé sínú ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ni: ilẹ̀ ibi ìsìnkú ni wọ́n ní ní Manor Park, ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ lágbègbè igbó lẹ́tọ̀ọ́ láti da màlúù jẹko káàkiri inú rẹ̀. Ilẹ̀ òkú ló gba ti alààyè padà. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre lọ́dún 1874, òfin 1878 sì fi igbó náà sílẹ̀ fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ wá sí High Beach lọ́jọ́ 6 oṣù Èbìbí, 1882. Òfin yẹn kan náà ló gba ẹ̀tọ́ igi gígé lọ́wọ́ àwọn ará Loughton. Inú £7,000 tí wọ́n fi ṣe gbà-má-bínú ni wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn Lopping Hall lọ́dún 1884. Lójú tèmi, wọ́n rẹ́ wọn jẹ.

Àpá igi gígé yẹn ṣì wà nínú igbó: ẹ dúró wo igi hornbeam tàbí beech kan dáadáa. Ìdí rẹ̀ á ki pọ̀pọ̀, á sì kúrú. Bó bá ga ju orí èèyàn lọ díẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀ka bíi mélòó kan ti yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó igi. Ibẹ̀ ni àáké ti ń bà á láti ìgbà dé ìgbà, níbi tí ẹnu màlúù àti àgbọ̀nrín kò lè tó láti jẹ ọ̀mùnú tuntun. Irú igi bẹ́ẹ̀ lé ní 50,000 nínú igbó yìí.

Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú irin Overground láti Liverpool Street sí Chingford ló dára jù, bíi ìdajì wákàtí ni, àmọ́ kì í ṣe lásìkò tí èrò ń lọ síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká kò lè gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lórí Central Line. Nítòsí Chingford ni ilé ìṣọdẹ tí wọ́n kọ́ fún Ọba Henry Kẹjọ lọ́dún 1543 wà. Ọ̀nà tó yí adágún Connaught Water ká tẹ́jú, ó dára fún ọmọdé. Alágbára ẹsẹ̀ lè gba Centenary Walk, máìlì 15, láti Manor Park dé Epping. Oníkẹ̀kẹ́ lè gun ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gun Loughton Camp àti Ambresbury Banks. Odi amọ̀ ayé àtijọ́ ni méjèèjì, wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ẹni tó ti rí Erédò Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú yóò mọ irú ohun tó ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa ga jù wọ́n lọ fíìfíì.

Oṣù Ọ̀wàrà ló lẹ́wà jù, nígbà tí ewé beech bá pọ́n. Láti Bélú dé Ẹrẹ́nà, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà títí kò fi ní lè yí mọ́, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n da òkúta sí ni kẹ́ ẹ máa gbà. Nígbà ooru, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nítorí eégbọn. Màlúù oníwo gígùn tẹ́ ẹ bá rí tó so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn kò sọnù o. Ẹ̀rọ náà ni ọgbà rẹ̀, á dún sí i létí tó bá ti fẹ́ kọjá ààlà. Ẹ yà fún un, ẹ yà fún ẹlẹ́ṣin náà.

Wọn kì í dáná níbẹ̀, ẹ sun súyà yín látilé. Wọn kì í ṣá olú náà; wọ́n ti gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ má sì gbàgbé iná kẹ̀kẹ́.