Ibi tí Òróró Nádì ti Ṣẹ̀ Wá

Kí á tó rí erin, ó di igbó. Kí á tó rí ẹfọ̀n, ó di ọ̀dàn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí nádì níbi tí Ẹlẹ́dàá gbìn ín sí, àfi kí ó gun òkè Himaláyà títí dé ibi tí igi ńlá kò ti lè hù mọ́, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó mítà 3,000 sí 5,000 ju òkun lọ, ní Nẹ́pálì, ní Bùtáánì, ní àríwá Íńdíà àti ní apá kan ilẹ̀ Ṣáínà. Gbogbo wa tí a ń gbọ́ ìhìn rere Jòhánù nínú ọ̀sẹ̀ mímọ́ ni a mọ òróró nádì tí Màríà dà sí ẹsẹ̀ Jésù ní Bẹ́tánì, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, tí Júdásì sì dá iye lé ní 300 dínárì, owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí alágbàṣe yóò fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó hù nítòsí yìnyín ṣe dé ilé kan ní ilẹ̀ àwọn Júù, ìtàn tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni.

Ewéko náà kò tóbi rárá. Gíga rẹ̀ kì í sábà kọjá orúnkún àgbàlagbà. Àárín àpáta àti ilẹ̀ ọ̀rinrin ni ó ń gbé, lábẹ́ àwọn igi kúkúrú tí otútù kò jẹ́ kí wọ́n dàgbà, ìgbà tí yìnyín sì fi ń gbà á láàyè láti hu ewé àti òdòdó rẹ̀ tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò gùn lọ títí, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ọlá rẹ̀ wà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó bò ó bí irùngbọ̀n àgbà, nínú rẹ̀ ni òróró wà. Òórùn òróró náà kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ó wúwo, ó mú ilẹ̀ àti igi dání, kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Ẹni tí kò bá bá a pàdé rí lè kọ́kọ́ yínmú sí i.

Àwọn ará òkè ni ó ń wú u, wọn a sá a gbẹ, wọn a dì í lẹ́rù, wọn a sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Gáńjísì, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Oníṣòwò kan tí kò fi orúkọ sílẹ̀, ẹni tí ó kọ ìwé atọ́nà òwò Òkun Pupa ní èdè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, ka nádì mọ́ ẹrù tí wọ́n ń kó ní èbúté Barygaza ní Íńdíà àti ní ẹnu odò Gáńjísì. Ìwé àdéhùn kan ti ọ̀rúndún kejì, tí a kọ sórí pápírù, tí ó sì wà ní ìlú Vienna títí di òní, sọ pé ọkọ̀ Hermapollon, tí ó ti Muziris ní gúúsù Íńdíà wá, ru àpótí nádì 60 pẹ̀lú eyín erin. Pliny ará Róòmù, ẹni tí ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù, kọ ọ́ pé 100 dínárì ni wọ́n ń ta ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ṣíírí nádì. Ó sì kédàárò pé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún iye tí a fi ra ọjà ní Íńdíà ni a fi ń tà á ní Róòmù. Ó dárúkọ ayédèrú nádì pẹ̀lú, kò wá yani lẹ́nu pé Jòhánù sọ ọ́ gbangba pé àìlábùlà ni ti Màríà. Nínú gbogbo ọwọ́ tí ẹrù yìí gbà kọjá, ọwọ́ ẹni tí ó wú u nìkan ni ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Àìmọ irú ewéko tí nádì jẹ́ gan-an pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, fi orúkọ rẹ̀ fún koríko olóòórùn kan, ìbátan ewé tíì tí àwa fi ń ṣe àgbo ibà. Ní ọdún 1790, dókítà Gilbert Blane tún sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù pé koríko ni nádì ìgbàanì í ṣe. Ní ọdún kan náà ni William Jones, adájọ́ ní Kàlìkọ́tà, tako èrò náà. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: Jones kò jókòó ti ìwé Gíríìkì nìkan, ó tọ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Bẹ̀ngáàlì lọ, gbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní jatamansi ni wọ́n sì nawọ́ sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti rí: nígbà tí wọ́n mú ewéko náà wá fún un, òmíràn tí ó jọ ọ́ ni wọ́n mú wá, òun ni ó sì kọ àpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé, débi pé ewéko kejì náà ni ó ń jẹ́ orúkọ tí Jones sọ ọ́ títí di òní. Ó kú ní ọdún 1794 láìmọ̀. Ọdún 1830 ni Candolle, onímọ̀ nípa ewéko, tó fún nádì gan-an ní orúkọ tí ó ń jẹ́ nísinsìnyí, Nardostachys.

Ọjà náà kò sì tíì tú. Àwọn tí ń ṣe tùràrí, àwọn tí ń ṣe lọ́fíńdà àti àwọn oníṣègùn Ayurveda ṣì ń wá a, gbòǹgbò tí wọ́n ń wá yìí sì ni ẹ̀mí ewéko náà; bí a bá ti fà á tu, ó parí. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ní ọdún 1997 ni àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó fi nádì sí abẹ́ ìṣọ́, tí ó fi jẹ́ pé ìwé àṣẹ ni a fi ń kó o kọjá ẹnubodè; ní ọdún 2015 ni a sì kà á mọ́ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tán pátápátá nínú igbó. Lójú tèmi, ìwé àṣẹ ẹnubodè kò lè ṣe tó ohun tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Dolpo ní Nẹ́pálì ti ń ṣe láti ayé àwọn baba wọn: wọn a dúró kí èso gbó, kí ó sì já bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó wú èyí tí wọ́n nílò. Alágbàṣe tí oníṣòwò pẹ̀tẹ́lẹ̀ bẹ̀ lọ́wẹ̀ kò lè dúró bẹ́ẹ̀, nítorí iye kílò tí ó bá kó ni wọn yóò san owó lé lórí.