Nígbà tí Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ bá Kọlu Igi nínú Omi

Ẹni tí ń gbé Ìkéré, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré lè wí pé: "Orí òkè ni tiwa, kí ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi fi kàn wá?" Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò tí ń kó ẹrù gba Àkúrẹ́ àti Oǹdó lọ sí ọjà Igbókòdá mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ọ̀pọ̀ abúlé àwọn Ìlàjẹ. Ẹni tí ó bá sì wọ ọkọ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ń gbé e lọ.

Ẹ́ńjìnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kì í ṣe ohun titun. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí ta irú rẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnì a gba ara ọ̀pá irin gígùn sọ̀kalẹ̀ dé inú àpótí gíà lábẹ́ omi. Gíà ni ó sì ń yí abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti ọkọ̀ síwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, píìnì tín-ínrín kan ni ó so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó má le jù. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kọlu ìtì igi, píìnì ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́, kí gíà má baà fọ́.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kọlu igi:

Èkínní, pa ẹ́ńjìnì. Wò bí ara àwọn èrò ti rí, kí o sì wò bí omi kò bá wọlé. Ju ìdákọ̀ró sílẹ̀.

Èkejì, yọ okùn iná kúrò lórí pọ́lọ́ọ̀gì, kí abẹ̀bẹ̀ má baà yí lójijì kí ó gé ọ lọ́wọ́. Gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè, tú abẹ̀bẹ̀, kí o sì fi píìnì tí ó bá ẹ́ńjìnì náà mu pààrọ̀ èyí tí ó ṣẹ́. Bí etí abẹ̀bẹ̀ bá ti wọ́, rọra wa ọkọ̀ lọ sí èbúté.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí o bá gúnlẹ̀, fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ti wọ́. Mẹkáníìkì ni kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Já ọ́ìlì gíà díẹ̀ wò. Bí ó bá funfun bí omi ẹ̀kọ, omi ti wọ inú rẹ̀. Rọ́bà tí ń dí omi ti bàjẹ́. Bí èérún irin bá ń dán nínú rẹ̀, eyín gíà ti ń jẹ. Yọ fọ́nrán àwọ̀n tí ó bá wé mọ́ ọ̀pá, nítorí a máa ya rọ́bà náà.

Awakọ̀ tí ó kánjú a máa fi ìṣó dípò píìnì. Ìṣó líle kò ní tètè ṣẹ́. Ní ìjàm̀bá kejì, gíà ni yóò fọ́. Nígbà náà, ọkọ̀ tí ó kún fún ìyá àti ọmọ yóò máa bá omi lọ, ilẹ̀ yóò sì ṣú. Àgbẹ̀ tí èèkù ọkọ́ rẹ̀ ṣẹ́ kì í fi igi kígi dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin èrò, kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ bi awakọ̀ léèrè: píìnì ìpààrọ̀ dà? Àjẹ̀ dà? Ẹ̀wù ìléfòó dà? Bí kò bá ní wọn, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.