Ohun tí Iná Fi Sílẹ̀ ní Bodie

Ìlú tí àwọn ará inú rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ahoro. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ahoro kì í pẹ́ wó. Bí òrùlé bá ti ṣí, òjò yóò sọ ògiri di amọ̀ padà, tí ó fi jẹ́ pé pẹ̀rẹ̀gún àti igi ọ̀sẹ̀ ni ó sábà ń júwe ibi tí ènìyàn gbé rí. Bodie, ahoro ìlú wúrà kan ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ni a fi kọ́ ọ, lórí òkè tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8,000 lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tí igi ńlá kì í sì í hù. Títí di òní, àwo wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìwé wà nínú ilé ẹ̀kọ́, pósí sì wà nínú ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Ẹni tí ó bá yọjú wo inú ilé láti ojú fèrèsé yóò rò pé àwọn onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1859 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ W. S. Body rí wúrà ní agbègbè náà. Kò jẹ nínú rẹ̀: kí ọdún náà tó parí, ìjì yìnyín ti pa á. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò kọ ọ́ bí òun ti ń kọ ọ́. Ibùdó kékeré ni Bodie jẹ́ títí di nǹkan bí ọdún 1875, nígbà tí kòtò awakùsà kan ya lulẹ̀ tí òkúta tí ó kún fún wúrà sì fara hàn. Ìròyìn tàn kálẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880, àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n àwọn ará ìlú sí 7,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó 2,000, ilé ọtí nìkan sì tó 65.

Wúrà Bodie kì í ṣe irú èyí tí a ń fi igbá jọ̀ létí odò. Inú òkúta líle ni ó wà, ẹ̀rọ olórí irin ni ó sì ń gún òkúta náà bí ìgbà tí a bá ń gún nǹkan nínú odó. Igi ìdáná ni ẹ̀rọ ń jẹ, kò sì sí igi nítòsí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe la ọ̀nà rélùwéè ní ọdún 1881 lọ sí igbó Mono Mills, ìrìn bí ibùsọ̀ 32. Rélùwéè náà kò so mọ́ òmíràn kankan láé. Nígbà tí yóò sì fi parí, àwọn awakùsà ti ń ṣí lọ sí ibi tí òkìkí wúrà tuntun ti ń kàn. Ní 1892 sí 1893, ilé-iṣẹ́ Standard fa iná mànàmáná wá láti ibi omi kan tí ó jìnnà tó ibùsọ̀ 13. A gbọ́ pé wọ́n na wáyà náà ní tààrà kí iná má baà ṣìnà níbi tí ó bá ti yà.

Ìlú náà kò tú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tú, títí ìjọba Amẹ́ríkà fi dá wíwa wúrà dúró ní 1942 nítorí ogun, tí a sì ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pa. Ẹni tí ń kó kúrò ní irú ibi bẹ́ẹ̀ máa ń fi èyí tí owó ẹrù rẹ̀ ju iye rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àga, ìkòkò àti ìgò fi pọ̀ níbẹ̀, tí kò sì sí wúrà.

Ṣùgbọ́n iná ni ó ṣa ìlú náà jù. Ó jó ní 1892, ó sì tún jó ní 1932. Ti ìkẹyìn yìí, wọ́n ní ọmọdé kan tí ń fi ìṣáná ṣeré ni ó dá a sílẹ̀. Nínú ilé ogún, bóyá ni ẹyọ kan kù. Ilé ìsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí a kọ́ ní 1882 wà lóòró. Àwọn ilé ọtí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Adúgbò àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ń ta igi ìdáná àti ẹ̀fọ́ fún gbogbo ìlú, ti lọ pátápátá. Àlejò tí ó bá wo ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn ọlọ́lá, tí ó sì sọ pé ìlú jẹ́jẹ́ ni èyí, iná ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn ará Bodie. Ìwé ìròyìn ìgbà náà kún fún ìròyìn ìbọn àti ìpànìyàn.

Láti 1962 ni ìjọba Kalifọ́níà ti gba ìtọ́jú ibẹ̀. Ìlànà wọn ṣàjèjì, ó sì yẹ fún ìyìn: wọn kì í jẹ́ kí ilé wó, wọn kì í sì í sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n ń dí òrùlé tí ń jò, wọ́n ń fi igi ti ògiri tí ó bá fẹ́ wó, wọn kì í kun ọ̀dà. Ohun tí ó wà nínú yàrá, wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀.

Àwọn àlejò a máa jí nǹkan níbẹ̀. Ìtàn sì ti tàn kálẹ̀ pé ègún wà lórí ẹni tí ó bá mú ohunkóhun kúrò, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń dá ìṣó, ìgò àti àfọ́kù àwo padà nínú ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ń gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kò bá sọ ilé tí a ti mú ìṣó náà, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà sí ipò rẹ̀ mọ́.