Òjò ńlá, ooru púpọ̀: kí ni rédíò ń sọ fún wa?



Nígbà tí rédíò bá ń kéde ojú ọjọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbọ́ "òjò" nìkan, a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kù yẹn lè gba irúgbìn yín là. Ẹ jẹ́ ká ka ìkéde kan pọ̀. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ti òní:

"Lọ́la, òjò ńlá pẹ̀lú ààrá lè rọ̀ ní àwọn ibì kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kétu. Ó lè tó 40 mìlímítà. Ooru ọ̀sán yóò gòkè láti 31 dé 34 dígírì."

Ẹ kọ́kọ́ wo "lè rọ̀" àti "ní àwọn ibì kan". Wọn kò sọ pé yóò rọ̀ sí gbogbo oko. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò a máa rọ̀ sí oko ẹnì kan, kó fi ti aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ gbígbẹ. Bí kò bá kan tiyín, ìyẹn kò sọ rédíò di òpùrọ́.

Kí ni mìlímítà? Bí lítà omi 1 bá dà sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, mìlímítà 1 nìyẹn. 40 mìlímítà jẹ́ garawa oní-lítà 20 méjì lórí ibi kékeré yẹn.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ wá agolo tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé. Bí òjò bá dá, ẹ ki igi ìfàlà ọmọ iléèwé bọ̀ ọ́. Ìlà kéékèèké kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 1. (Ẹ ṣọ́ra: lára òmíràn, 0 kì í bẹ̀rẹ̀ láti etí igi.) Ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé yín.

Nítorí irúgbìn àgbàdo ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Nígbà àkọ́rọ̀, bí òjò 5 mìlímítà bá rọ̀, ilẹ̀ a máa ta sánsán, inú wa a dùn, a ó sì sáré gbìn. Ṣùgbọ́n omi náà kò wọlẹ̀ jìn. Àgbàdo á hù, oòrùn á pa á. Ẹni tó ti ra irúgbìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sábà máa ń retí nǹkan bí 20 mìlímítà láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó ní ká gbìn. Ó tún ku kí ọ̀dá má tẹ̀ lé e.

Bí òjò bá ń bọ̀, kí ló dé tí ooru fi ń pọ̀? Afẹ́fẹ́ láti òkun ń gbé oru omi wá sórí ilẹ̀ wa. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, á tutù lókè, oru omi á di ìkúùkù, ìkúùkù á di òjò. Dígírì tí wọ́n ń kà, inú àpótí funfun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, lábẹ́ ibòji. Ibùdó kan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Nínú oòrùn oko, ooru tiyín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tètè jí lọ, ẹ sì gbé omi mímu dání.

Òjò ńlá oní-ààrá sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, ìjì ló sì ń ṣáájú rẹ̀. Ó lè sáré tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú níbẹ̀, àkókò kò pọ̀ mọ́: ẹ kó àgbàdo tí ẹ sá wọlé, ẹ má sá sábẹ́ igi ńlá, ẹ má sì la odò tó ń kún kọjá.

Ẹ̀yin tó ń dáko létí odò Ouémé, ẹ máa tẹ́tí sí òjò ìhà àríwá náà. Omi tó rọ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín, ó sì lè bo oko nígbà tí ọ̀run tiyín mọ́ kedere.