Wíwá Àṣìṣe Inú Kọ̀ntẹ́nà láti Òkèèrè

Ẹni tí ó bá gba títì Èkó sí Abẹ́òkúta dé Sángò Ọ̀tà kò ní ṣàì rí kọ̀ntẹ́nà lórí ọkọ̀ àjàgbé, tí wọ́n ń kó ẹrù lọ, tí wọ́n ń kó ẹrù bọ̀. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn irú àpótí bẹ́ẹ̀, ará ìta kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Docker, tí ó jáde ní ọdún 2013, ni ó sọ orúkọ yìí di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láàrin àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Wọn a di ètò àti gbogbo ohun tí ó nílò sójú kan, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí ẹ̀rọ yòówù tí a bá gbé e sí. Gbígbé e rọrùn. Yíyẹ inú rẹ̀ wò ni iṣẹ́.

Kí á sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ní ètò tí ń ka ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wá síbi iṣẹ́. Ẹni tí ó wọlé ní aago méjì òru ọjọ́ Ajé, tí ó tún wọlé ní aago méjìlá kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé nìkan ni ètò kà fún un. Owó ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó kọ ètò náà wà ní ibòmíràn, bóyá ní ọgbà Covenant University tàbí ti Bells University of Technology nínú ìlú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àṣìṣe kankan lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ohun-èlò tí ó fi ń kọ ètò, irú bí VS Code, lè nawọ́ wọ inú kọ̀ntẹ́nà, bí atọpinpin bá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ètò. Fún ètò tí a fi Python kọ, debugpy ni a ń pe atọpinpin yìí, ẹnu-ọ̀nà 5678 ni ó sì sábà máa ń dúró sí. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Bí a bá ní kí ó máa fetí sí 127.0.0.1, ohùn inú kọ̀ntẹ́nà nìkan ni yóò máa gbọ́, 0.0.0.0 ni yóò jẹ́ kí ohùn ìta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá kan ẹnu-ọ̀nà yẹn lè pàṣẹ fún ètò bí ó ti wù ú, nítorí náà a kò gbọdọ̀ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ SSH ni kí ó gbà wọlé. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ fún ohun-èlò ìkọ̀wé ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà nínú kọ̀ntẹ́nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì ìdádúró tí ó fi sórí ìlà kò ní dá ohunkóhun dúró.

Bí àmì náà bá sì ṣiṣẹ́, gbọnin ni ètò yóò dúró. Ẹni tí ó bá dán an wò lórí ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò lọ́wọ́ yóò to èrò sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ẹ̀dà kọ̀ntẹ́nà náà ni ó yẹ kí ó lò.

Bí ó bá dá ẹ̀dà náà dúró ní aago méjì ọ̀sán, aago kan ni yóò bá nínú rẹ̀. Aago àgbáyé, UTC, ni kọ̀ntẹ́nà sábà máa ń kà bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un; ti Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago Nàìjíríà ni kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ètò ń kà, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà kò fi hàn níbẹ̀. Ìlà kan tí ó dárúkọ Africa/Lagos lè tún un ṣe. Àwọn ọjọ́ tí ètò ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kò ní tún ara wọn ṣe. Ẹnìkan ní láti jókòó ti ìwé owó oṣù, kí ó wá owó ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òru jáde.