Ọpẹ́ fún Ẹni tó ń Kọ́ni Níṣẹ́ Láìgbowó



Nínú ìbẹ̀wò wa sí àwọn ẹgbẹ́, ìṣòro kan wà tí a ń bá pàdé léraléra. Akọ̀wé àgbà á fi ipò sílẹ̀, kò ní sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ ìwé owó, iṣẹ́ ẹgbẹ́ á sì dúró. Bí a bá bi akọ̀wé náà pé kí ló dé tí kò kọ́ ẹlòmíràn, á ní, “Ta ni yóò san àkókò mi padà fún mi?” Àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà náà ní irú ìṣòro yìí, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ sì fi owó orí wá ojútùú sí i. Ọ̀ràn náà kàn wá, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún.

Kò sí ẹni tó lè kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn tán nínú kíláàsì. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ gba àṣẹ láti máa yẹ aláìsàn wò kí ó sì máa kọ oògùn ní láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ìlànà ẹ̀kọ́ wọn ti 2016 béèrè ó kéré tán 500 wákàtí. Ti 2022 gbé e sí 750. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní láti dúró ṣàlàyé, kí ó sì tún iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò, nítorí náà iye aláìsàn tó lè rí lójúmọ́ a máa dínkù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ni bẹ́ẹ̀ kò fi tó.

Georgia ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe òfin lórí rẹ̀, ní 2014. Òfin àkọ́kọ́ yẹn wà fún dókítà nìkan. Dókítà tó bá fi 160 wákàtí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ 1,000 dọ́là kúrò nínú owó tó wọlé fún un kí a tó ṣírò owó orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Owó orí ìpínlẹ̀ náà nígbà náà kò ju 6 lọ nínú 100. Èrè dókítà lórí 1,000 náà kò lè ju 60 dọ́là lọ!

Ní 2019 wọ́n tún òfin náà ṣe. Wọ́n ní kí a máa dín owó orí fúnra rẹ̀ kù: 500 dọ́là fún ìkọ́ni kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, 1,000 fún ẹ̀kẹrin títí dé ẹ̀kẹwàá. Wọ́n fi àwọn nọ́ọ̀sì onípò gíga àti àwọn olùrànlọ́wọ́ dókítà kún un. Tiwọn jẹ́ 375 àti 750. Dókítà tí owó orí rẹ̀ jẹ́ 6,000 tó sì kọ́ni lẹ́ẹ̀mẹrin yóò rí 2,500 yọ, yóò sì san 3,500. Ẹni tí kò bá ní owó orí láti san kò ní rí nǹkan kan gbà.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Colorado ṣe tirẹ̀ ní 2016 fún àwọn tó ń kọ́ni ní ìgbèríko, 1,000 dọ́là. Òfin Hawaii ti 2018 fún ni ní 1,000 fún 80 wákàtí, kò gbọdọ̀ ju 5,000 lọ lọ́dún.

Ẹ kíyè sí i pé owó yìí kì í ṣe owó iṣẹ́. Bí a bá pín 500 sí 160 wákàtí, díẹ̀ ló fi lé ní dọ́là 3 fún wákàtí kan. Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tó ní ìlànà ni: ní Georgia, ẹni tó gba owó fún ìkọ́ni náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, a gbọ́dọ̀ kọ wákàtí sílẹ̀, kí ọ́fíìsì mìíràn sì jẹ́rìí sí i, ó sì ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹgbẹ́ wa kò lè dín owó orí ẹnikẹ́ni kù; ìjọba ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpàdé gbogbogbòò lè fọwọ́ sí owó ìmoore fún akọ̀wé tàbí akápò tó bá kọ́ ọ̀dọ́ kan títí tí ọ̀dọ́ náà fi lè dá ìwé owó kọ. Ẹ fi iye rẹ̀ lélẹ̀ kí ìkọ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí yóò gbowó náà jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó kéré bíi 60 dọ́là Georgia, tí kò ní jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹgbẹ́ tó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé rẹ̀ lónìí kò ní wá akọ̀wé tì lọ́la.