Ojú Tí Ó Ń Ríran Nínú Òkùnkùn

Ẹni tí ń tajà ní Abúlé Ẹ̀gbá lè má fojú rí òkun rí, ṣùgbọ́n òkun ni ó ń bọ́ ọ. Aṣọ, oògùn àti ẹ̀yà ara mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé púpọ̀ wọn wá sí Àpápá, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó wọn gba títì Abẹ́òkúta. Nítorí náà ni a fi ń pe àkíyèsí ẹ̀yin olùkàwé wa sí ẹ̀rọ tí à ń pè ní rédà.

Bí ènìyàn bá kígbe níwájú àpáta, gbohùngbohùn a dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni rédà ṣe ń ju ìgbì rédíò jáde. Bí ìgbì náà bá kan ọkọ̀ mìíràn, a padà wá, àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ ni a sì fi ń mọ bí ọkọ̀ náà ti jìnnà tó. Ọyẹ́ ìbáà bo Èkó, òru ìbáà ṣú biribiri, atukọ̀ yóò mọ ohun tí ó wà níwájú.

Òfin àgbáyé ti 1974 lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun kò fi ọ̀ràn yìí sí ìfẹ́ inú olówó ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá tó 300 tọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní rédà. Èyí tí ó bá tó 3,000 gbọ́dọ̀ ní méjì, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ kí ojú ọkọ̀ fọ́. Èyí tí ó bá tó 10,000 gbọ́dọ̀ ní èyí tí ó lè fúnra rẹ̀ tọpa ogún ọkọ̀, ó kéré tán, kí ó sì ṣírò èyí tí ó lè kọlù ú.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ojú, ọ̀tọ̀ ni òye. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1956, Andrea Doria ti Ítálì àti Stockholm ti Swídìn rí ara wọn lórí rédà, síbẹ̀ wọ́n kọlu ara wọn nítòsí Amẹ́ríkà. Ènìyàn 51 ni ó kú. Ẹ̀rọ ríran; àwọn tí ó ń kà á ni ó ṣì í túmọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1959 ti kógbá wọlé ní 1995, ọkọ̀ àjèjì ni ó sì ń kó púpọ̀ nínú ẹrù wa lónìí. Àjọ NIMASA ni ó ní àṣẹ láti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè bóyá àwọn ayẹ̀kọ̀wò náà tó, bóyá wọ́n sì mọ iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí àwọn náà lè tukọ̀, kí wọ́n sì lè ka rédà bí ó ti yẹ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.